Bíréèkì Alùpùpù Bàbá Wa

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kéré lójú, nítorí kò ju ọ̀rọ̀ bóòtù kan tó gùn tó ìka ọmọdé lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní alùpùpù nílé, tàbí tí ọmọ rẹ̀ ń gun ọ̀kadà lọ sí ilé-ìwé láràárọ̀, kó fara balẹ̀ kà á. Ohun tó wà ńlẹ̀ ni pé bí ẹ̀yà ara alùpùpù àtijọ́ bá bàjẹ́ níbi bíréèkì, tí ojúlówó rẹ̀ kò sì sí lọ́jà mọ́, ǹjẹ́ a lè fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tà fún gbogbo ayé rọ́pò rẹ̀? Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ní rárá. Nínú ilé tiwa gan-an, ẹnu wa kò kọ́kọ́ kò lórí rẹ̀.

Honda CD 175 ni alùpùpù tí à ń sọ yìí. Bàbá wa ní Ìfọ̀ ló rà á ní 1975, nígbà tí owó Údójì dé. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú nígbà náà á rántí. Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ gbé àbọ̀ iṣẹ́ wọn jáde ní 1974, ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan fi tiwọn ra rédíò, àwọn kan ra fíríìjì, àwọn kan fi fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó. Bàbá tiwa, tó jẹ́ tíṣà, ra alùpùpù. Tíṣà tó bá ń gun Honda 175 láyé ìgbà yẹn, ènìyàn ńlá ni. Ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti máa ń dé ilé kí òun alára tó dé, àwọn ọmọ tó ń ṣeré nígboro á sì ti sá wọlé lọ gbé ìwé.

Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni Honda kò ti ṣe irú rẹ̀ mọ́. Bàbá ṣì ń gùn ún láti Ìfọ̀ lọ sí Pápáláńtò títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Ó wá ní kí a máa gbé e lọ sí Mówè lọ́dọ̀ wa, kó má baà dógùn-ún sí ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ̀ akẹ́rù ni a fi gbé e wá. Àwa méjèèjì, ọkọ àti ìyàwó, la jọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àwa méjèèjì náà la sì jọ ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tó bá mọ Mówè àti Ìbafò kò ní béèrè ohun tí ènìyàn ń fi alùpùpù ṣe níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978 ni àwọn ènìyàn ti ń tẹ̀lé e jáde kúrò ní Èkó, tí wọ́n ń ra ilẹ̀, tí wọ́n ń kọ́lé. Ilé ti pọ̀ ju ọ̀nà lọ. Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ lójú márosẹ̀ lè ní ìrìn gígùn níwájú kó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, lórí ilẹ̀ pupa tó ń di ẹrẹ̀ ní Òkúdù. Èkó lè fòfin de ọ̀kadà, bí wọ́n ti ṣe ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà láti ọjọ́ kìíní oṣù Òkúdù 2022. Ní tiwa níhìn-ín, ọ̀kadà ló ń gbé aboyún lọ sílé ìwòsàn, òun ló ń gbé ọmọ lọ síléèwé, òun ló ń gbé ìrẹsì Ọ̀fàdà dé ẹnu ilẹ̀kùn. Nígbà tí ìpàdé ńlá bá sì wà ní àwọn àgọ́ ìjọ tó wà lójú ọ̀nà yìí, tí mọ́tò kò lè rìn mọ́, ẹ ó rí ìyá, bàbá àti ọmọ méjì lórí alùpùpù kan ṣoṣo. Bíréèkì tí kò mú dáadáa lábẹ́ ẹrù bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ òkú ni.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì tú táyà alùpùpù rí. Nínú họ́ọ̀bù, ìyẹn irin roboto tó jin kòtò láàrin táyà, ni ṣúù méjì wà, wọ́n tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ẹ̀yìn wọn ni láínììnì wà, ohun líle tó ń fi ara ha irin. Bí a bá fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì, ọ̀pá gígùn kan á fa apá kékeré kan, apá náà á yí irin kan nínú họ́ọ̀bù, ṣúù méjèèjì á fẹ̀, wọ́n á fún mọ́ inú họ́ọ̀bù, táyà á sì dúró. Ṣúù yìí kì í ṣe ara táyà o. Ọmọrí họ́ọ̀bù ni wọ́n dè é mọ́, ọmọrí yẹn kì í sì í yí. Nígbà tí ṣúù bá di họ́ọ̀bù tó ń yí mú, họ́ọ̀bù máa ń fẹ́ gbé òun àti ọmọrí yí lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Kí ni kò jẹ́ kó gbé e lọ? Ọ̀pá irin pẹlẹbẹ kan ni, tí orí rẹ̀ kan wà lára ọmọrí, tí orí kejì wà lára irin tó gbé táyà ẹ̀yìn dání. Bóòtù kan níhìn-ín, bóòtù kan lọ́hùn-ún. Nígbà tí ẹ bá ń dá alùpùpù dúró pẹ̀lú ẹni tó gùn ún, ẹni tó wà lẹ́yìn, àti àpò tó wà láàrin, bóòtù méjì yẹn ló ń gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Bí ọ̀kan bá bọ́, ọmọrí á bá táyà yí, á lọ́ ọ̀pá pẹ́dàlì, ó lè fà á já kó má sí bíréèkì mọ́ rárá, ó sì lè mú kí táyà ẹ̀yìn gan pa lójijì. Èwo nínú méjèèjì ni ènìyàn á gbàdúrà fún?

Mẹkáníìkì kan ní Ìbafò ló bá wa pààrọ̀ láínììnì ẹ̀yìn. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tiraka ni, iṣẹ́ láínììnì náà sì dára, a kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń tú u, ọ̀kan nínú bóòtù ọ̀pá pẹlẹbẹ yẹn sọnù sínú iyanrìn, tàbí kó ti ṣẹ́ sí i lọ́wọ́, a kò rí àrídájú. Ó lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà tó ń ṣe géètì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gba bóòtù kan tó wọ ihò náà, ó fi sí i, kò sì sọ fún wa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi rìn bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí ẹ̀yìn ló jókòó sí pẹ̀lú ọmọ wa tó kéré jù. Bí a bá ti tẹ bíréèkì, nǹkan kan á dún kọ́, kọ́, kọ́ nísàlẹ̀. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ dúró ná. Máṣíìnì yìí ń kànlẹ̀kùn." A kò tíì dé ojú márosẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. A sọ̀ kalẹ̀, a tì í dé ilé. Nígbà tí a wò ó, nọ́ọ̀tì ti bọ́ lọ, bóòtù ti yọ dé ìdajì, eyín ara rẹ̀ ti jẹ tán ní ẹ̀gbẹ́ kan, ihò tó wà lára ọ̀pá tó yẹ kó rí roboto sì ti gùn bí ẹyin.

Nígbà tí a padà lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà, kò bínú. Ẹnu ló yà á. Ó ní, "Dádì, bóòtù ni bóòtù ń jẹ́. Ṣé kò wọ ihò ni?"

Ó wọ ihò. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ojúlówó ni a kọ́kọ́ lọ wá. Bàbá ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ṣe nǹkan ló mọ ìdí tó fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi irin géètì sí ara Honda mi." Ọkọ gbà pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ forí jì wá, ẹni tó ṣe é kò sí ní Mówè." Àwọn kan ní kí a lọ sí Ọ̀tà, nítorí Honda dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1979, wọ́n sì ti ń to alùpùpù níbẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n alùpùpù Bàbá ti wà nílẹ̀ yìí kí ilé-iṣẹ́ náà tó dé, irú tirẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe. A rán ènìyàn sí Nnewi, níbi tí ọjà ẹ̀yà ara alùpùpù ti gbòòrò jù ní ilẹ̀ wa. Ti Boxer wà, ti Jincheng wà, ti CG 125 wà lóríṣiríṣi. Ọ̀rọ̀ 175 di ẹ̀rín sí wọn lẹ́nu.

Ẹnìkan ní Ìfọ̀ wá mú bóòtù kan jáde láti inú ọ̀rá tí wọ́n kọ Honda sí gàdàgbà, ó ní ojúlówó ni, ó sì gba owó ojúlówó. Bàbá gbà á, inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n bóòtù kejì tó wà lórí ọ̀pá náà láti 1975 ṣì wà níbẹ̀, a sì fi wọ́n wéra. Ti àtijọ́, sípánà 12 ló ń tú u. Ti inú ọ̀rá, sípánà 13. Ti àtijọ́ ní ọrùn dídán tí kò ní eyín. Ti inú ọ̀rá ní eyín láti orí dé ìdí. Orúkọ Honda wà lára ọ̀rá, kò sí lára irin. Bàbá kò sọ nǹkan kan. Ó ká ọ̀rá náà, ó fi sápò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo sípánà mọ ọ̀rọ̀ 12 àti 13 yìí dáadáa. Bóòtù tó sanra tó mìlímítà 8, ti Japan, orí rẹ̀ jẹ́ 12, èyí tó wọ́pọ̀ lórí àtẹ jẹ́ 13. Èyí tó jẹ́ mìlímítà 10, ti Japan, orí rẹ̀ jẹ́ 14, ti àtẹ sábà máa ń jẹ́ 17. Ìyẹn kò burú, orí kò ní ohun tó ń ṣe ju kí sípánà dì í mú lọ. Eyín ni ọ̀rọ̀ wà. Lórí bóòtù 8, eyín tiwọn àti ti ọjà dọ́gba, àlàfo kan sí èkejì jẹ́ mìlímítà 1.25. Lórí bóòtù 10, ti àwọn alùpùpù Japan jẹ́ 1.25, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà káàkiri jẹ́ 1.5. Bí ẹ bá fi nọ́ọ̀tì ọjà sórí rẹ̀, á yí díẹ̀, á wá le. Mẹkáníìkì tó ń kánjú á rò pé ìdọ̀tí ni, á fi sípánà gígùn tẹ̀ ẹ́ wọlé, á fọ́ gbogbo eyín, á sì ní ó ti le dáadáa. Ẹni tó kọ́ wa ní èyí sọ pé nọ́ọ̀tì tó bá bá bóòtù mu, ìka ọwọ́ lásán ló yẹ kó wé e dé ìdí, kí sípánà tó dé.

Àwọn alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn baba ńlá wa ń gùn kí ti Japan tó dé, bíi BSA àti Triumph, tún ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìwọ̀n ínǹṣì ni tiwọn. Bóòtù tí wọ́n pè ní ínǹṣì márùn-ún lọ́nà mẹ́rìndínlógún, tí ẹ bá wọ̀n ọ́n, á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mìlímítà 8, ó dín díẹ̀ báyìí. Á wọ ihò bóòtù 8 wọ́ọ́rọ́wọ́. Eyín rẹ̀ kò sì bá a mu láéláé.

Ọ̀gá tọ́nà kan ní Ìfọ̀, ní ìhà ibùdó rélùwéè, ló la ojú wa sí gbogbo èyí. Àgbàlagbà ni, ó ti ń gé irin láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó mú bóòtù géètì àti bóòtù Bàbá lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ wo orí wọn. Èwo ló ní àmì?" Ó wá fi bóòtù mìíràn hàn wá tí wọ́n tẹ 8.8 sí lórí. Ó ní nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló ń sọ bí irin náà ti lágbára tó kí ó tó já, èkejì ń sọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà láìpadà sípò. Bóòtù 8.8 tó sanra tó mìlímítà 8 lè gbé ìwúwo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta kí ó tó já. Èyí tí wọ́n ń pè ní 4.6, tó wọ́pọ̀ lára géètì àti bẹ́ẹ̀dì, ìdajì rẹ̀ ló lè gbé. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, àfi bí ènìyàn bá ka orí rẹ̀. Èyí tí kò sì ní àmì rárá, kí ẹ kà á sí irin géètì.

A bi í léèrè nípa èyí tó ń dán, tí kì í dípẹtà, nítorí ọkọ ti rí i lọ́jà, ó sì wù ú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní èyí tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ kò lágbára tó 8.8, eyín rẹ̀ sì máa ń di ara wọn mú bí ẹni jà, tí sípánà kò ní lè tú u mọ́. Ó ní kí a fi èyí tó ń dán de nọ́ńbà ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe agbára nìkan. Ó fi ìka tọ́ ọrùn dídán bóòtù Bàbá. Ọ̀pá pẹlẹbẹ yẹn máa ń mì díẹ̀díẹ̀ nígbàkúùgbà tí a bá tẹ bíréèkì. Bí ọrùn dídán bá wà nínú ihò, irin dídán ń fi ara kan irin dídán. Bí eyín bá wà nínú ihò, ó dà bí ẹni ki fáìlì bọ ibẹ̀, á máa ha ihò náà ní gbogbo ìgbà. Ihò á fẹ̀, bóòtù á máa fò, nọ́ọ̀tì á tú. Bí ihò tiwa ṣe di ẹyin nìyẹn. Bí bóòtù géètì náà tilẹ̀ jẹ́ 8.8, bí eyín rẹ̀ bá wà nínú ihò, yóò bàjẹ́ náà ni, bó pẹ́ bó yá.

Kí ló wá ṣe? Kò wá ojúlówó. Ó ra bóòtù 8.8 tó gùn ju èyí tí a nílò lọ, nítorí bóòtù gígùn ló máa ń ní ọrùn dídán. Ó wọn sísanra ọ̀pá àti ti ibi tó ń wọ̀, ó yan èyí tí ọrùn rẹ̀ bo méjèèjì tán, ó gé ìdí rẹ̀ tó ṣẹ́kù. Ó lu ihò tín-ínrín sí ìdí náà, lẹ́yìn ibi tí nọ́ọ̀tì yóò dé, kí píìnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè gba ibẹ̀ kọjá. Ihò ọ̀pá tó ti gùn bí ẹyin, ó fẹ̀ ẹ́ di roboto, ó fi òrùka irin tẹ ibẹ̀ padà sí ìwọ̀n. Wẹ́dà tó wà nítòsí ní kí wọ́n kúkú jó bóòtù náà mọ́ ọ̀pá kí ó má tún bọ́ mọ́. Ọ̀gá ní rárá. Ó ní iná á mú kí bóòtù líle rọ̀, bí táyà bá sì jò lọ́jọ́ kan, ayùn ni a ó fi tú u.

A gbà pé iṣẹ́ yẹn dára ju ohun tó wà nínú ọ̀rá lọ. Bàbá kò tíì gbà nígbà yẹn.

A rántí oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2009. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní gbogbo ọlọ́kadà àti èrò ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé akoto. Àwọn kan kò rówó rà á, àwọn kan kò fẹ́. Àwọn kan dé igbá, wọ́n fi okùn so ó mọ́ àgbọ̀n. Àwọn kan dé ike ọ̀dà. Ìròyìn rẹ̀ kárí ayé, a sì rẹ́rìn-ín títí. Igbá jọ akoto, ó rí roboto, ó bo orí, ó sì lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ tó dúró lókèèrè. Bóòtù géètì lára bíréèkì, igbá lórí ni. Ìyàtọ̀ kan ló wà níbẹ̀: gbogbo ayé ló rí igbá, kò sì sí ẹni tó rí bóòtù.

Ọ̀pọ̀ irú igbá bẹ́ẹ̀ ló wà lára àwọn alùpùpù tó ń gbé wa kiri. A ti rí ìṣó tí wọ́n tẹ̀ sí ibi píìnì ẹlẹ́sẹ̀ méjì, a ti rí sípóòkì kẹ̀kẹ́. Píìnì yìí ò wọ́n lọ́jà rárá. A ti rí nọ́ọ̀tì lásán níparí ọ̀pá pẹ́dàlì. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe fún ibẹ̀ ní kòtò kékeré lójú, tó ń jókòó sórí píìnì roboto tó wà ní apá bíréèkì, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó yí fúnra rẹ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò, ẹ ó gbọ́ tó ń dún kẹ́ bí ẹ ti ń wé e. Nọ́ọ̀tì lásán kò ní kòtò, ìmìtìtì ojú ọ̀nà Mówè á sì tú u láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Síbẹ̀ níhìn-ín a lè fi ti ọjà rọ́pò: bí ẹ bá fi nọ́ọ̀tì méjì, tí ẹ fún èkejì mọ́ àkọ́kọ́ gírígírí, kò ní tú. Àwa lò ó fún oṣù méjì, a sì ń yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀.

Nígbà tí a sọ ọ̀rọ̀ ìṣó yìí fún ọlọ́kadà kan tó gbé wa ní Ìbafò, ó ní, "Màámi, Ọlọ́run á ṣọ́ wa." A ní àmín. A sì sọ̀ kalẹ̀, a san owó rẹ̀ pé, a fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù.

Ibi tí a ti bá Bàbá jiyàn jù ni ọ̀rọ̀ ṣúù iwájú. Bàbá ní ṣúù iwájú méjì tó ti rà pamọ́ tipẹ́tipẹ́, inú páálí wọn ni wọ́n ṣì wà, ojúlówó pọ́nńbélé. Ó ní ọmọ rere la bí òun, èyí ni ogún. Ọ̀gá tọ́nà yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi èékánná gbá etí láínììnì, ó ké pẹ́ẹ́. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ti gbẹ láti ọdún wọ̀nyí. Ó ní ó lè ṣí lójijì nínú họ́ọ̀bù nígbà tí iná ìfarakanra bá mú un, kó sì há táyà iwájú. Èyí kejì ni pé láínììnì ayé ìgbà yẹn máa ń ní àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì, erukutu rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àrùn rẹ̀ kì í yá hàn. Ẹ̀yin tí ẹ ní alùpùpù àtijọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fi ẹnu fẹ́ erukutu inú họ́ọ̀bù, ẹ má fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Àkísà tútù ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì kó o dànù.

Nítorí náà, níbi ṣúù, ojúlówó ló burú, tuntun tí kì í ṣe ojúlówó ló dára. Ó ya Bàbá lẹ́nu, ó sì ya ọkọ náà lẹ́nu, nítorí òun ti ń ti Bàbá lẹ́yìn láti ọjọ́ yìí wá. A fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ní ṣúù náà, ó ṣí láínììnì àtijọ́, ó fi tuntun sí i. Rívẹ́ẹ̀tì bàbà ló lò, ó sì rì í wọlé kí orí rẹ̀ má baà kan họ́ọ̀bù. Àwọn kan ń fi ìṣó irin ṣe é. Bí láínììnì bá jẹ dé ibẹ̀, ìṣó á máa gé họ́ọ̀bù bí abẹ, họ́ọ̀bù 175 kò sì sí ní Nnewi. Lẹ́yìn náà ó fi ẹfun kun inú họ́ọ̀bù, ó yí táyà, ó tẹ bíréèkì, ó tú u wò. Ibi tí ẹfun bá ti kan láínììnì ló ga, ibẹ̀ ló ń fi sáńpépà ha. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́rin, títí ẹfun fi kan gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ìyàwó jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní bí ẹni tó ń gé aṣọ ìgbéyàwó ni.

Bàbá wá sí Mówè ní Àjíǹde. Kò kọ́kọ́ béèrè oúnjẹ. Ó ní kí a gbé àga kékeré wá, ó jókòó ti táyà ẹ̀yìn, ó yọ awò rẹ̀, ó sún mọ́ bóòtù náà. Ó ní kí ọmọ wa àgbà ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí orí rẹ̀ fún òun. Ọmọ náà kà á. Bàbá ní kó ṣàlàyé rẹ̀, ọmọ ṣàlàyé rẹ̀ bí ọ̀gá tọ́nà ti ṣe. Bàbá fi ọwọ́ tẹ pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń tẹ́tí. Kò dún kọ́. Ó wá yọ ọ̀rá Honda tó ká sápò ní Ìfọ̀ lọ́jọ́ yẹn, bóòtù orí 13 sì wà nínú rẹ̀. Ó ní kí a fi de okùn tí a ń sá aṣọ sí.

Wáyà bíréèkì iwájú ló kù. Mẹkáníìkì méjì ti fẹ́ fi ti kẹ̀kẹ́ sí i, wọ́n ní ọjọ́ kan la ó fi ṣe é. Wáyà kẹ̀kẹ́ tín-ínrín ju èyí tó yẹ ibẹ̀ lọ, orí rẹ̀ kò sì bá kòtò ìfà ọwọ́ mu, àfi kí wọ́n ta á ní kókó. Ọ̀gá tọ́nà ní òun á bá wa wá èyí tó sanra tó, òun á sì fi òjé jó orí tuntun mọ́ ọn. Títí ìyẹn yóò fi dé, ọkọ nìkan ló ń gun alùpùpù Bàbá, kò sì kọjá Ọ̀fàdà. Ìyàwó àti àwọn ọmọ ń wọ bọ́ọ̀sì.